Arúgbó Ṣoge Rí: Ìtàn Abẹ́rẹ́ Agbára Ọkùnrin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí láti fi tu àgbàlagbà nínú, tàbí láti fi kìlọ̀ fún ọ̀dọ́ tí ń fi àgbà ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú òwe náà: ǹjẹ́ oge àná ṣeé dá padà? Bí aṣọ bá ti di àkísà, ta ni yóò tún un hun? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Òyìnbó ti ń wí pé ó ṣeé tún hun fún ọkùnrin, ó kéré tán ní apá kan. Ìtàn ohun tí wọ́n ṣe, àti ohun tí àwọn baba tiwa ti mọ̀ kí wọ́n tó ṣe é, ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Òjòkú jẹ́ ìlú kan tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn baba ńlá wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo agbègbè náà. Ní Ọ̀fà tí ó wà nítòsí wọn, ìjàkadì kì í ṣe eré ọmọdé lásán, ohun tí a fi ń dá ìlú náà mọ̀ ni. Ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni a ti ń fi agbára wọn ọmọkùnrin. Ebè mélòó ni ó kọ kí oòrùn tó mú? Ta ni ó gbé ṣánlẹ̀ lójú agbo? Nígbà tí ó bá dàgbà, ìbéèrè a yí padà: ìyàwó mélòó ni ó fẹ́, ọmọ mélòó ni ó bí? Ìbéèrè ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin bá lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó wá ṣàkíyèsí pé àárẹ̀ kò tán lára òun mọ́, pé iṣan apá òun ń rọ̀ tí ikùn òun sì ń yọ, pé ohun tí ó máa ń jí ṣáájú òun lówùúrọ̀ kò jí mọ́, kì í rí ẹni bá sọ ọ́. Kò lè sọ ọ́ fún aya, ojú ń tì í. Kò lè sọ ọ́ fún ọmọ, èèwọ̀ ni. Bóyá ni yóò fi sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ dàgbà, àwàdà ni yóò sì fi sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà kan náà ni wọ́n wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lónìí. Èkínní ni pé kí ó gbà pé ogbó ni, kí ó sì jókòó tì í. Èkejì ni pé kí ó ra àgbo tàbí oògùn ale lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri rẹ̀ ní ibùdókọ̀ àti ní ọjà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun lè ti sọ fún un, tàbí tí dókítà kan ní ìlú ńlá lè ti dárúkọ: abẹ́rẹ́ tàbí ìpara tí a fi ń dá èròjà kan tí ń jẹ́ testosterone padà sínú ara. Kí ó tó yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti mọ̀ ni pé ìmọ̀ nípa orísun agbára ọkùnrin kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Gbogbo ẹni tí ó bá ń sin ẹran ni ó mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀dá. Bí a bá tẹ òbúkọ lọ́dàá nígbà tí ó wà ní kékeré, òórùn tí a fi ń mọ òbúkọ kì í sí lára rẹ̀. Kì í lé abo kiri, kì í bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà, a máa sanra, ẹran rẹ̀ a sì máa dùn. Àgbẹ̀ tí kò rí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ rí mọ̀ pé ohun kan wà nínú kórópọ̀n tí ń ti ibẹ̀ lọ sí gbogbo ara, sí awọ, sí ọ̀rá, àní sí ìwà pàápàá. Kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò sì mọ sórí ẹran nìkan. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn ìwẹ̀fà wà, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí a ti tẹ̀ lọ́dàá. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ó kú ní 1901, tí a sì tẹ ìwé náà jáde ní 1921, ṣe àlàyé ipò wọn. Àwọn mẹ́ta ni olórí wọn: Ọ̀nà Ẹfà, Ọ̀tún Ẹfà àti Òsì Ẹfà. Ọ̀nà Ẹfà a máa dúró fún Aláàfin nínú ọ̀ràn ìdájọ́, Ọ̀tún Ẹfà nínú ọ̀ràn ẹ̀sìn, Òsì Ẹfà nínú ọ̀ràn ìṣàkóso. Àwọn ìwẹ̀fà ni wọ́n lè wọlé tọ àwọn ayaba láìsí ìfura, àwọn ni kò ní ọmọ tí wọn yóò máa tìtorí rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọba. Ìkà ni ohun tí a ṣe sí wọn, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀: agbára ìlú wà lọ́wọ́ ẹni tí a ti gba agbára ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀yọ́ ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni agbára ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni agbára ènìyàn.

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń mú un kúrò. Ǹjẹ́ wọ́n wá ọ̀nà láti dá a padà? Àwọn oníṣègùn wa ní ìtọ́jú fún akúra, wọ́n sì ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Pierre Fatumbi Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo, kó irú ìtọ́jú ewé Yorùbá bẹ́ẹ̀ jọ pẹ̀lú ọfọ̀ wọn sínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní 1995, ọdún kan kí ó tó kú. Ewé, egbò, èèpo igi, orógbó àti ata ni wọ́n ń lò. Bí a bá wo ìtọ́jú wọ̀nyí, a ó rí i pé wọn kì í dojú kọ kórópọ̀n nìkan. Oníṣègùn a máa béèrè nípa jẹ̀díjẹ̀dí, nípa àtọ̀sí, nípa oúnjẹ dídùn tí ó pọ̀ jù, nípa èrò ọkàn, àti nípa ọwọ́ ayé. Lójú rẹ̀, àmì ni àìlágbára náà jẹ́, kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ní ilẹ̀ Òyìnbó, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní 1849, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Arnold Berthold, ní ìlú Göttingen ní Jámánì, mú ọmọ àkùkọ mẹ́fà, ó sì yọ kórópọ̀n wọn. Àwọn tí ó yọ tiwọn pátápátá kò kọ bí àkùkọ, wọn kò jà, ogbe orí wọn kò sì dàgbà. Ṣùgbọ́n ó tún fi kórópọ̀n sí inú ikùn àwọn kan nínú wọn, níbi tí kò bá ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn wọ̀nyí kọ, wọ́n jà, wọ́n lé abo kiri, ogbe wọn sì pọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí iṣan tí ó so kórópọ̀n mọ́ ara tẹ́lẹ̀ ti já, Berthold ní ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè gbé ohun tí ń ti inú kórópọ̀n jáde lọ sí gbogbo ara. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ayé tó fetí sí i.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Charles-Édouard Brown-Séquard, tí a bí ní erékùṣù Mauritius ní 1817, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí a bọ̀wọ̀ fún jù lọ ní Paris. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, 1889, nígbà tí ó di ẹni ọdún 72, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé òun ti fi omi tí òun fún láti inú kórópọ̀n ajá àti ti eku òyìnbó gún ara òun ní abẹ́rẹ́. Ó ní àárẹ̀ ti kúrò lára òun, pé òun tún ń sáré gun àtẹ̀gùn bí ìgbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, pé ìtọ̀ òun pàápàá ń jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà, àwọn mìíràn sì sáré lọ ra irú omi bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 1894. Àwọn onímọ̀ òde òní tún omi náà ṣe bí ó ti ṣe é, wọ́n sì rí i pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kéré ju ohun tí ó lè ṣe iṣẹ́ kankan lọ. Ìdí ni pé kórópọ̀n kì í tọ́jú èròjà náà pamọ́, bí ó ti ń ṣe é ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ìrètí ọkàn rẹ̀ ni ó gbé bàbá àgbà náà gun àtẹ̀gùn. Irọ́ kọ́ ni ó pa. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ó rí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Serge Voronoff dé, oníṣẹ́ abẹ tí a bí ní Rọ́ṣíà tí ó ṣiṣẹ́ ní Faransé. Ó ti gbé ní Íjíbítì láti 1896 títí di 1910, níbi tí ó ti rí àwọn ìwẹ̀fà tí ó sì ṣàkíyèsí ara wọn. Èrò tí ó gbé kúrò níbẹ̀ ni pé, bí àìsí kórópọ̀n bá lè sọ ènìyàn di bẹ́ẹ̀, kórópọ̀n tuntun yóò sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Ní oṣù Kẹfà 1920, ó gé kórópọ̀n ìnàkí wẹ́wẹ́, ó sì rán an mọ́ ti ọkùnrin. Àwọn olówó wọ́ tọ̀ ọ́ lọ láti ibi gbogbo. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: igbó ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni ìnàkí ń gbé láyé. Igbó tiwa ni a ti kó wọn, kí àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù lè máa ṣe bí ọmọ ogún ọdún. Kí 1930 sí 1939 tó parí, àṣírí ti tú. Ara ènìyàn kì í gba ẹran ara ìnàkí, ó ń pa á kú ni, kò sì sí ẹni tí ó di ọ̀dọ́.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ kò lè ṣe, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni wọ́n wá ṣe é. Ní 1931, Adolf Butenandt ní Jámánì gba ìtọ̀ àwọn ọlọ́pàá, nǹkan bí 15,000 lítà, ó sì rí ìwọ̀n tí kò ju mílígíráàmù 15 lọ nínú èròjà kan tí ó bá èyí tí a ń wá tan. Ní 1935, àwọn ẹgbẹ́ Ernst Laqueur ní Amsterdam yọ ojúlówó èròjà náà láti inú kórópọ̀n akọ màlúù, wọ́n sì sọ ọ́ ní testosterone. Ní ọdún kan náà, Butenandt, àti Leopold Ruzicka tí ó wà ní Zürich, rí ọ̀nà láti fi ọ̀rá inú ara tí a ń pè ní cholesterol ṣe é. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1939, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Hitler kò jẹ́ kí Butenandt gbà á ní àkókò náà. Láti ìgbà náà, kò sí ìdí láti pa ajá tàbí ìnàkí mọ́. Bí a bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ a máa bà á jẹ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ ni a fi ń fún ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀mọ́ra àti ìpara dé lẹ́yìn náà.

Kò pẹ́ tí ojú kejì ọ̀rọ̀ náà fi hàn. Ní 1941, Charles Huggins ní Chicago fi hàn pé bí a bá mú testosterone kúrò lára ọkùnrin tí jẹjẹrẹ prostate ń bá jà, àrùn náà a rọlẹ̀. Prostate ni kókó tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀ ní 1966. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé jẹjẹrẹ prostate ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọkùnrin wa ní Nàìjíríà, ó sì ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọlé ni. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ títí yóò fi dé inú eegun. Ìwádìí kò fi hàn pé testosterone ni ó ń bí àrùn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ní in lára láìmọ̀, tí ó wá lọ ń gba abẹ́rẹ́, lè máa fi epo sí iná ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá béèrè pé, mélòó nínú àwọn àgbà ni èròjà yìí dínkù lára wọn ní tòótọ́? Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni ó ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ṣùgbọ́n kí ó lọ sílẹ̀ kò já sí pé kò tó. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Yúróòpù, tí a tẹ̀ jáde ní 2010, wo ọkùnrin 3,369 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 79. Nígbà tí wọ́n wá àwọn tí èròjà náà kéré lára wọn, tí àmì rẹ̀ sì hàn dáadáa, nǹkan bí méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí. Fún àwọn díẹ̀ wọ̀nyí, fún ẹni tí kórópọ̀n rẹ̀ fara pa, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò rán iṣẹ́ sí kórópọ̀n mọ́, oògùn gidi ni testosterone, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ là. Ní 2015, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a fọwọ́ sí oògùn náà fún, a kò fọwọ́ sí i fún ẹni tí ó kàn dàgbà lásán.

Fún àwọn àgbà tí tiwọn lọ sílẹ̀ láìsí àrùn mìíràn ńkọ́? Ní 2016, a tẹ èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, lórí ọkùnrin 790 tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fún àwọn kan ní testosterone fún ọdún kan, a sì fún àwọn yòókù ní ohun tí ó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àti agbára rẹ̀ sunwọ̀n díẹ̀, inú wọn sì dùn díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n okun àti àárẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń torí rẹ̀ wá a kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní 2023, ìwádìí mìíràn lórí ọkùnrin tí ó lé ní 5,000 fi hàn pé kò dá kún ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ bí a ti bẹ̀rù. Síbẹ̀, ọkàn tí ń lù ségesège, ìpalára kíndìnrín, àti ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tí ó lò ó. Ohun tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni èyí tí ó jáde ní 2024 láti inú ìwádìí kan náà: eegun wọn kò ṣe kí ó má ṣẹ́, ṣe ni ó ń ṣẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Oògùn náà a tún máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ki jù nínú àwọn mìíràn. Èyí ni ó fà á tí a fi ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ń lò ó wò.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ọkùnrin Yorùbá gbọ́ ketekete. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé agbára ọkùnrin àti ọmọ bíbí, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí testosterone bá ti òde wọlé, ọpọlọ a rí i pé ó ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, a sì pa á láṣẹ fún kórópọ̀n pé kí ó sinmi. Kórópọ̀n a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àtọ̀ tí ń di ọmọ a sì dínkù tàbí kí ó tán pátápátá. Òtítọ́ yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1990. Abẹ́rẹ́ testosterone lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ wá fojú inú wo ọkùnrin ẹni ọdún 55 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó tuntun, tí ó ń wá ọmọkùnrin lójú méjèèjì, tí ó sì lọ ń gba abẹ́rẹ́ kí agbára rẹ̀ lè padà. Agbára lè padà, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní wá. Ìyàwó ni wọn yóò sì pè ní àgàn.

Òmíràn tún nìyí. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Korea ṣí ìwé ìdílé àwọn ìwẹ̀fà ààfin ilẹ̀ wọn ti àtijọ́ wò. Wọ́n rí ọjọ́ ikú àwọn 81 nínú wọn. Wọ́n fi ọdún 14 sí 19 pẹ́ láyé ju àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ìgbà náà lọ. Èyí kò já sí pé kí ẹnikẹ́ni lọ tẹ ara rẹ̀ lọ́dàá o! Ohun tí ó fi yé wa ni pé èròjà yìí kì í ṣe omi ìyè tí a fi ń sá fún ikú. Ọkùnrin tí ó bá ń wá a kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn kò mọ ohun tí ó ń wá.

Bí abẹ́rẹ́ bá rí báyìí, ṣé kí a kúkú padà sí oògùn ale orí àtẹ ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan a máa béèrè, a máa wádìí ara kí ó tó já ewé. Ẹni tí ń kiri ní ibùdókọ̀ kì í béèrè ohunkóhun ju owó lọ. Wọ́n ti yẹ irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ wò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì rí i pé a ti lọ sildenafil, tí ó wà nínú Viagra, mọ́ àwọn kan nínú èyí tí a pè ní ewé àti egbò lásán. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn nitrate nítorí àyà tí ń dùn ún, tí ó wá mu irú àgbo bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójijì títí yóò fi kú. Wọn yóò sì sọ ní ìlú pé obìnrin ni ó pa á, tàbí pé magun ni.

Níbi tí a dé yìí, ó yẹ kí a padà sí ọgbọ́n àwọn oníṣègùn wa, pé àmì ni àìlágbára jẹ́. Ìmọ̀ òde òní gbè wọ́n lẹ́yìn. Òpójẹ̀ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí abẹ́ ọkùnrin kéré ju ti ọkàn lọ, nítorí náà òun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dí. Ọkùnrin tí abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ lónìí lè jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò dùn ún ní ọdún díẹ̀ sí i. Àtọ̀gbẹ a máa fà á, ẹ̀jẹ̀ ríru a máa fà á, àwọn oògùn kan tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá a máa fà á. Ìsanrajù, àìsùn dáadáa, ọtí àti ìbànújẹ́ ọkàn náà a sì máa mú kí testosterone lọ sílẹ̀. Bí a bá tún ìwọ̀nyí ṣe, òun náà lè gòkè fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó fo gbogbo èyí, tí ó sáré lọ sídìí abẹ́rẹ́, fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Kí wá ni kí bàbá tí ó wà ní Òjòkú ṣe? Kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà, kí ó sọ ohun tí ń ṣe é láìfi bò. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí dókítà bá fura sí testosterone, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí èròjà náà máa ń pọ̀ jù, kí wọ́n sì tún un gbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ mìíràn, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Bí ó bá kéré ní tòótọ́, tí wọ́n sì ti yẹ prostate rẹ̀ wò, tí wọ́n ti wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ki tó, tí òun náà sì ti pinnu pé òun kò wá ọmọ mọ́, kò sí ohun ìtìjú nínú kí ó gba abẹ́rẹ́. Kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbàgbé, àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń gbà á. Kí ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó ti mọ̀ tipẹ́, tí ó ń dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, tí ọkọ sì rò pé ìkórìíra ni.

Ogbó kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n àìsàn lè sá pamọ́ sábẹ́ ogbó. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Èyí tí ó bá jẹ́ àìsàn, kí ó tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ ogbó, kí ó gbà á lálejò. Ìlú kò sọ pé kí ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún máa bá ọmọ ogún ọdún jìjàkadì. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń jà lójú agbo, àgbà ni ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dá ìjà dúró, òun ni ó mọ ẹni tí ó ṣe èrú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Brown-Séquard wá ọ̀dọ́ rẹ̀ nínú omi kórópọ̀n ajá, kò rí i. Àwọn ìwẹ̀fà Ọ̀yọ́, tí a gba tiwọn lọ́wọ́ wọn ní tipátipá, jókòó ní ẹsẹ̀ ọba, wọ́n sì dájọ́ fún àwọn tí ó lágbára jù wọ́n lọ. Arúgbó ṣoge rí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó jẹ́ kí a bá òun wo ohun tí ń dun òun, kí àìsàn má baà gbé e lọ lábẹ́ orúkọ ogbó, ṣì wúlò fún ilé àti fún ìlú.